Ta Ló Ń Mu Epo Ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì?

Télọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Abẹ́rẹ́-Ò-Purọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí oníbàárà bá ráhùn pé aṣọ òun ti fún jù, yóò na téèpù yí onítọ̀hún níkùn, yóò tún nà án yí ìbàdí aṣọ, yóò wá ní, "Téèpù ò purọ́, abẹ́rẹ́ ò purọ́. Ẹ̀yin lẹ jẹun." Ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀, èyí ló mú kí àwọn aládùúgbò máa ṣẹ̀fẹ̀ pé abẹ́rẹ́ ló ń bọ́ ilé náà: ọkọ ń fi tirẹ̀ gún aṣọ, aya ń fi tirẹ̀ gún ìdí ọmọ aráyé.

Wọ́n ní ọkọ̀ kékeré kan, aláwọ̀ eérú, tí èèyàn mẹ́rin lè jókòó sí bí wọ́n bá fẹ́ràn ara wọn. Télọ̀ ló ra ọkọ̀, nọ́ọ̀sì ló ń wà á. Nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù tó wà lẹ́yìn ọjà, ọkọ̀ ọ̀hún ò ṣe ju kó lọ kó bọ̀ bí ẹyẹlé, epo inú rẹ̀ kì í sì í tán bọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ sí ọsibítù ńlá ìlú kejì ni nǹkan yí padà. Ojú ọ̀nà márosẹ̀ ló wá di ọ̀nà rẹ̀ lójoojúmọ́, àárọ̀ ní àlọ, ìrọ̀lẹ́ ní àbọ̀.

Télọ̀ kì í ṣe ahun. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ ìyàwó rẹ̀ ni pé kó má máa sáré. Ó ti gbọ́ ọ lórí rédíò pé eré ló ń jẹ epo ọkọ̀ kékeré, pé atẹ́gùn ni ọkọ̀ ń bá jìjàkadì lójú ọ̀nà, àti pé bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọwọ́ atẹ́gùn ń le sí i, tí ẹ́ńjìnnì á wá máa mu epo bí ẹni tó roko nínú oòrùn ṣe ń mu omi. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára gan-an. Lọ́sẹ̀ tó gbọ́ ọ náà ló lọ ṣe pátákó kan tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn yàrá, ló bá fi irin àti wáyà dè é dúró ṣánṣán sórí ọkọ̀ kékeré yẹn. Wọ́n kọ ABẸ́RẸ́-Ò-PURỌ́, ÀGBÀ TÉLỌ̀ sí i níwájú, wọ́n kọ ọ́ sí i lẹ́yìn. Ó ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ ni èrò wà. Kò wá sí i lọ́kàn pé atẹ́gùn tí rédíò ń sọ lè bá pátákó pàdé.

Nọ́ọ̀sì wo pátákó, ó wo ọkọ rẹ̀. "Ṣé kò ní wúwo?"

"Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni."

Obìnrin náà kì í ṣe aláríyànjiyàn. Ó wọ ọkọ̀, ó sì gbé orúkọ ọkọ rẹ̀ sórí lọ síbi iṣẹ́.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ara ọkọ̀ ò yá. Ó ní ó ń fà sápá òsì. Ó ní bí òun bá dé ibi iṣẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan máa ń rùn bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù jó. Ó ní bí òun bá tẹ̀ ẹ́ kó lọ, ńṣe ló kọ́kọ́ máa ń mí hẹlẹhẹlẹ kó tó gbéra.

"Ìwọ lò ń tẹ̀ ẹ́ jù," télọ̀ á dáhùn láìgbé ojú kúrò lára aṣọ. "Máa fi ẹ̀sọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Ẹ jẹ́ ká gbé e fún mẹkáníìkì wò."

"Ẹni tó bá gbé ara líle lọ sọ́dọ̀ dókítà, àìsàn ló máa gbé bọ̀. Ìwọ tó ò ń ṣe nọ́ọ̀sì, ó yẹ kó o mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe nígbà tí nǹkan tó ń ka bí ọkọ̀ ṣe rìn jìnnà tó kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n tún un ṣe. Télọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ni èèyàn fẹ́ fi mímọ bó ṣe rìn tó ṣe. Ibi tí à ń lọ ló yẹ ká mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ òun fúnra rẹ̀ débi pé ó tún un sọ fún oníbàárà tó wá gba aṣọ lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, epo bẹ̀rẹ̀ sí í tán bí omi inú apẹ̀rẹ̀. Èyí tó máa ń gbé wọn dé òpin ọ̀sẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í dé àárín ọ̀sẹ̀ mọ́. Télọ̀ kọ́kọ́ rò pé ilé epo ló ń rẹ́ wọn jẹ, ó pààrọ̀ ilé epo. Ó tún rò pé olè ń wá fà á lóru, ó ra ìdérí tó ń tì sí ẹnu táńkì. Epo ń tán síbẹ̀. Ló bá dójú sọ abẹ́rẹ́ tó ń fi hàn bí epo ṣe kù tó. Ó gbà á gbọ́, torí abẹ́rẹ́ ni. Láràárọ̀, kí ìyàwó rẹ̀ tó jáde, á wọnú ọkọ̀, á yí kọ́kọ́rọ́, á dúró de abẹ́rẹ́ náà títí á fi gbéra tí á fi balẹ̀, á wá fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ fa ìlà tín-ín-rín sójú gíláàsì níbi tó dúró sí. Bí ọkọ̀ bá dé ní ìrọ̀lẹ́, á tún lọ fa òmíràn. Á na téèpù sí àárín ìlà méjèèjì, á mi orí. Ní gbogbo àárọ̀ tó fi ń ṣe èyí, nọ́ọ̀sì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú báàgì léjìká, á máa wo aago.

"Kí lẹ̀ ń wọ̀n?" ló bi í lọ́jọ́ kan.

"Epo ni."

"Ṣé ẹ fẹ́ rán aṣọ fún un ni?"

Télọ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ń ta bọ́tìnnì, síìpù àti òwú nínú ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí kì í sọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni láìdáa. Ìbéèrè ló máa ń béèrè.

"Àbúrò mi," ó ní lọ́sàn-án ọjọ́ kan, "ṣé ìlú tí ìyàwó wa ti ń ṣiṣẹ́ ti sún síwájú ni?"

"Báwo ni ìlú ṣe máa sún, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Mo kàn ń bi ọ́ ni. Mo rí ọ nílé epo níjẹta, mo tún rí ọ níbẹ̀ lónìí." Ó ń to síìpù sínú páálí, kò wo ojú rẹ̀. "Bí ìlú ò bá sún, tí epo sì ń tán, á jẹ́ pé ọkọ̀ ń yà síbì kan. Àbí ọkọ̀ máa ń dá yà fúnra ẹ̀?"

Ó dágbére, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Télọ̀ jókòó sídìí maṣíìnì, ó rán ọwọ́ òsì ẹ̀wù kan mọ́ apá ọ̀tún.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ò ti rí bákan náà lójú rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń fura, kò sí ohun tí kì í jẹ́rìí fún un. Bí ìyàwó rẹ̀ bá tètè dé, á ní nítorí kí òun má baà fura ló ṣe tètè dé. Bó bá pẹ́, á ní ohun tí òun ń wí náà nìyẹn. Bó bá sùn lọ gẹ́rẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, á jókòó tì í, á máa wò ó, á máa bi ara rẹ̀ pé iṣẹ́ wo ló ń rẹ obìnrin tó báyìí. Irun rẹ̀ ló wá da ọ̀rọ̀ rú pátápátá. Ní àárọ̀, á dì í kó fani mọ́ra. Bó bá fi máa dé, gbogbo rẹ̀ á ti tú.

"Kí ló tú irun ẹ?"

"Atẹ́gùn ni. Mo ní láti ṣí wíńdò nítorí òórùn tí ọkọ̀ yẹn ń rùn."

Télọ̀ ò gbọ́ ti òórùn. Ó ronú títí ilẹ̀ fi mọ́ lórí irú ọkùnrin tó lè máa jẹ́ Atẹ́gùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí iṣẹ́ ò pọ̀ nílẹ̀, ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ ra aṣọ abẹ́nú kóòtù. Ẹ̀gbọ́n ní ṣé aṣọ abẹ́nú ti tán ní gbogbo ìlú yìí ni. Télọ̀ ti bọ́ sójú títì. Ó ti bá onítakisí kan sọ̀rọ̀ sílẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, tó ń wa irú ọkọ̀ kékeré bíi tirẹ̀ gan-an, tó ti gbó jù ú lọ, àmọ́ tó mọ́ nigín. Wọ́n dúró sí ìkòríta títí ọkọ̀ aláwọ̀ eérú fi kọjá.

"Ẹ tẹ̀lé ọkọ̀ tó ní pátákó lórí yẹn," télọ̀ ní. "Àmọ́ ẹ má sún mọ́ ọn jù."

Dẹ́rẹ́bà ka pátákó. "Ṣé télọ̀ yìí ba aṣọ yín jẹ́ ni?"

"Rárá o."

"Ó ba ṣòkòtò àna mi jẹ́. Ìgbà tí wọ́n gbé e padà fún un, ó ní àna mi ló sanra."

Télọ̀ yí ojú sí wíńdò. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀ pé àwọn èèyàn ń ka pátákó òun.

Láàárín ìlú, títẹ̀lé e ò le. Àmọ́ bí nọ́ọ̀sì ti bọ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹran tó já okùn. Pátákó mì sọ́tùn-ún, ó mì sósì, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kéré lójú wọn. Télọ̀ rí i tí orúkọ òun fúnra òun ya bọ́ọ̀sì kan sílẹ̀, ó ya òmíràn sílẹ̀, ó sì kọjá lára tírélà tó kó sìmẹ́ńtì bí ìgbà tí tírélà dúró.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́," ó ní.

"Ọgọ́rin ni tèmi," dẹ́rẹ́bà dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Bí mo bá kọjá ọgọ́rin, èrè tí mo fẹ́ jẹ ti bá èéfín lọ. Ẹ wo obìnrin yẹn bó ṣe ń fi pátákó gbá atẹ́gùn, bí ẹni tó gbé ilẹ̀kùn gba inú ìjì kọjá. Ọkọ̀ yẹn á máa mu epo ju tírélà tó wà níwájú wa yìí lọ. Ta ló tiẹ̀ lè gbé nǹkan báyẹn sórí ọkọ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ò fẹ́ràn ara ẹ̀." Ó jẹ́ kí tírélà máa lọ níwájú, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ojú wíńdò. "Ẹ ò tíì sọ ìdí tá a fi ń tẹ̀lé e."

Télọ̀ tún yí ojú sí wíńdò. "Ọ̀rẹ́ mi kan ló bẹ̀ mí. Ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Epo ń tán jù, kò sì yé e. Ó rò pé ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan ló ń yà sí."

Ẹ̀rín pa dẹ́rẹ́bà débi pé ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, ọkọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. "Nínú ọkọ̀ yìí? Ẹ bá mi sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé obìnrin tó bá ń lọ sọ́dọ̀ àlè kì í gbé orúkọ ọkọ rẹ̀ lérí lọ, níwájú àti lẹ́yìn, pẹ̀lú lẹ́tà tí afọ́jú fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kà."

Ọ̀rọ̀ yìí ò wá sí télọ̀ lọ́kàn rí. Ó jókòó, ó ń yí i wò. Ara tù ú fún ìgbà díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bọ́ bàtà tó fún. Àmọ́ owú ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ìsinmi.

"Àfi tó bá jẹ́ ọgbọ́n ló fi ṣe," ó ní.

Dẹ́rẹ́bà wò ó fínnífínní. "Ọsibítù ni ọ̀rẹ́ yín nílò," ó ní. "Ó dáa náà tó jẹ́ pé ọ̀nà ibẹ̀ la wà."

Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù, ọkọ̀ aláwọ̀ eérú ti wà lábẹ́ igi láàárín ọkọ̀ àwọn dókítà, pátákó rẹ̀ ga ju gbogbo wọn lọ. Nọ́ọ̀sì ti wọlé. Láti ilé dé ibẹ̀, kò yà síbì kankan; kò tiẹ̀ sí ibi tí ẹni tó ń fò báyẹn ti lè yà. Télọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó rìn yí ọkọ̀ náà po, inú rẹ̀ dùn, ojú sì ń tì í. Ìgbà náà ni òórùn kan gbá a nímú, bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù jó.

Dẹ́rẹ́bà ò dúró kí wọ́n pe òun. Ó fi bàtà tẹ táyà kan, ó tẹ èkejì. "Ẹ wò ó, ó rọ̀ bíi búrẹ́dì." Ó na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn apá òsì, ó sì yára fà á padà. "Bíréèkì ibí yìí ti há. Ó ń fa ẹsẹ̀ yìí nílẹ̀ láti ilé ni. Kí ló wá wà nínú búùtù, tí ìdí ọkọ̀ fẹ́ kan ilẹ̀?"

Télọ̀ ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú kọ́kọ́rọ́ kejì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jáde, ó ṣí búùtù. Dẹ́rẹ́bà wo kọ́kọ́rọ́, ó wo téèpù tó wà lọ́rùn ọkùnrin náà, ó gbé ojú sókè wo pátákó. Kò sọ nǹkan kan. Ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀ nìyẹn.

Maṣíìnì àtijọ́ mẹ́ta ló wà nínú búùtù, irin gidi, pẹ̀lú ẹsẹ̀ onírin tí wọ́n fi ń tẹ̀ wọ́n. Télọ̀ ló kó wọn síbẹ̀ nígbà tí òrùlé ṣọ́ọ̀bù ń jò. Ó ní bí òjò bá ti dá, òun á kó wọn jáde. Òjò ti dá, ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé, ó ti fẹ́ lọ. Nọ́ọ̀sì ti ń gbé wọn lọ síbi iṣẹ́, ó ń gbé wọn bọ̀ wálé, kò sì sí ẹni tó bá a dúpẹ́.

Ó gbé ọ̀kan mọ́ àyà báyìí nígbà tí ó gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹnì kan ló rí wọn láti ojú wíńdò, ló lọ sọ fún un pé àwọn ọkùnrin méjì ń tú ọkọ̀ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀," nọ́ọ̀sì ní. Ó wọ aṣọ funfun, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù fún omi tó fi fọ̀ ọ́.

"Mo wá gbé maṣíìnì," télọ̀ ní.

"Láti ilé?"

Dẹ́rẹ́bà rí i pé nǹkan ń bàjẹ́, àánú sì ṣe é. "Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Kò sí nǹkan tó ṣe ju pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun wo ibi tí ìyàwó òun ń lọ."

Maṣíìnì ń wúwo lọ́wọ́ télọ̀, kò sì rí ibi tó lè gbé e sí.

"Èmi lẹ ti ń wọ̀n láti ọjọ́ yìí," nọ́ọ̀sì wá sọ. "Mo rò pé epo ni."

"Ṣé o rí i, epo tó ń tán yẹn..."

"Ẹ béèrè ohun tó tú irun mi. Ẹ ò béèrè ìdí tí mo fi ń sáré." Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. "Nọ́ọ̀sì tó bá ṣiṣẹ́ alẹ́ ò lè lọ sílé àfi bí mo bá dé. Bàbá rẹ̀ ò lè dìde lórí ibùsùn, ẹni tó ń bá a jókòó tì í náà ní ibi iṣẹ́ tó ń lọ. Mo máa ń jí ní kùtù. Mo máa ń wọṣọ, mo máa ń ṣe tán. Ẹ̀yin lẹ máa ń wà nínú ọkọ̀, tẹ́ ẹ̀ ń fi ṣọ́ọ̀kì kun gíláàsì. Bẹ́ ẹ bá fi máa parí, ó ku kí n hu ìyẹ́ kí n fò. Mo ń fò, ẹ̀ ń ní epo tán; ẹ̀ ń ní epo tán, ẹ tún ń wọ̀n ọ́n pẹ́ sí i."

Ìgbà yẹn ló tó yé télọ̀ pé bí òun bá ṣe ń wọn epo tó ni epo ń tán tó.

Ó ń retí kí ìyàwó rẹ̀ pariwo. Kò pariwo. Kò sì yọ "ẹ" kúrò lẹ́nu kó máa pè é ní "ìwọ". Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà á jù. "Ẹ kó irin yín dání bẹ́ ẹ bá ń lọ," ó ní. "Mo ní àwọn aláìsàn tó ṣeé wò nínú ilé." Ó yí padà, ó wọlé.

Wọ́n kó maṣíìnì sínú takisí. Bí wọ́n ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà, lórí ọgọ́rin, dẹ́rẹ́bà gbìyànjú láti dákẹ́, àmọ́ kò lè fara dà á.

"Ọ̀rọ̀ ṣòkòtò àna mi yẹn," ó ní. "Ṣé lóòótọ́ ló sanra?"

Télọ̀ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mi ò wọ̀n ọ́n dáadáa," ó ní. Kò tíì sọ gbólóhùn yẹn fún ẹnikẹ́ni rí láti ìgbà tó ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọkọ̀ lọ fún mẹkáníìkì kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Asẹ́ tó ń sẹ́ atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnnì ti dúdú bí àkísà ìdáná. Bí mẹkáníìkì ti gbọ̀n ọ́n ni gbogbo wọn bú sí ikọ́. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọ́n tú bíréèkì tó há, wọ́n fẹ́ táyà kó le. Wọ́n tún nǹkan tó ń ka ìrìn ṣe. Pátákó ló gba àkókò jù, torí télọ̀ ti dè é bí ẹni tí kò fẹ́ kó bọ́ títí ayé. Wọ́n kàn án mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Níbẹ̀ ni oníbàárà tuntun kan ti kà á lọ́sẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ ló sì fi rìn wá.

Nílé, nọ́ọ̀sì ò bínú, kò sì yọ́nú. Ó ń gbé oúnjẹ fún un, ó ń kí i, ó ń dá a lóhùn bí wọ́n ṣe ń dá aláìsàn lóhùn. Télọ̀ bẹ̀ ẹ́ lórí ìdúró, ó bẹ̀ ẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tó bẹ̀ ẹ́ dé ọjọ́ kẹta, obìnrin náà ní, "Mo ti gbọ́. Ẹ̀yin lẹ máa gbé mi lọ síbi iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ sì wá gbé mi ní ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ máa sùn lọ́nà."

Télọ̀ mọ ọkọ̀ wà, àmọ́ àárín ìlú ni ìmọ̀ rẹ̀ mọ. Ní ọjọ́ Ajé, ó jí, ó wá kọ́kọ́rọ́ tì, ó wá bàtà, ó rántí pé òun ò tíì ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó padà. Nọ́ọ̀sì ti jókòó sẹ́yìn láti ìgbà pípẹ́, ó ti di ojú. Bí wọ́n ti dé ojú ọ̀nà márosẹ̀, bọ́ọ̀sì kan wá sẹ́yìn wọn, ó ń fọn fèrè. Télọ̀ wo aago, ó rántí obìnrin tó ń dúró de ìyàwó rẹ̀, ó rántí bàbá tí kò lè dìde. Ọkọ̀ náà ti fúyẹ́. Bó ti fẹsẹ̀ kàn án báyìí ló ń lọ. Kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀. Ó ya bọ́ọ̀sì kan sílẹ̀. Ó rí i pé ó dùn. Ó ń wá òmíràn tó máa yà sílẹ̀ nígbà tí ohùn kan ti ẹ̀yìn wá, tí ẹni tó ni ín ò la ojú.

"Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀, ọkọ mi. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú."

Ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Bọ́ọ̀sì tó yà sílẹ̀ kọjá, èrò inú rẹ̀ sì ń wò ó. Láti ọjọ́ kejì, ó ń jí ṣíwájú ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì ń bá àwọn tí kò kánjú lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà fi máa parí, ó ti ń sọ fún àwọn oníbàárà pé sáré-sáré tí wọ́n rí nínú èèyàn kì í ṣe ìwà, pípẹ́ kúrò nílé ni. Wọ́n ní kí ló kan aṣọ àwọn. Ó ní kò kàn án.

Nọ́ọ̀sì gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà. Kò sí ẹni tó ń fi ṣọ́ọ̀kì kun gíláàsì láàárọ̀ mọ́, nítorí náà ó ń jáde lásìkò, ó ń rìn bó ṣe yẹ, irun rẹ̀ sì ń dé bó ṣe lọ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ kejì ń lọ, télọ̀ ò tíì dé ilé epo. Ó ti ṣe ìlérí pé òun ò ní wo abẹ́rẹ́ yẹn mọ́, kò sì wò ó, àmọ́ èèyàn lè mọ̀ láìwò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ré títì kọjá wá pẹ̀lú ìdì òwú.

"Àbúrò mi, mi ò rí ọ nílé epo mọ́."

"A tún ọkọ̀ ṣe ni, ẹ̀gbọ́n mi. Epo ò tán bíi ti tẹ́lẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ẹ̀gbọ́n gbé òwú kalẹ̀, ó yẹ ojú abẹ́rẹ́ maṣíìnì wò. "Kò tán rárá?"

"Kò tán bọ̀rọ̀."

"Hẹn-ẹn. Mo kàn fẹ́ béèrè ni. Ṣé ó ṣì ń lọ síbi iṣẹ́?"

Ọwọ́ télọ̀ dúró lórí aṣọ. Kì í ṣe ìbéèrè náà ló dà á láàmú. Ohun tó dà á láàmú ni pé òun alára ti bi ara òun bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, bó ti ń fọ eyín, kí ẹ̀gbọ́n òun tó gbé e wá. Ó dúpẹ́ òwú, ó ní òun ní iṣẹ́ kíákíá lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ó ní òun ò sọ nǹkan kan o.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n ti ń jẹun, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ó sọ ìbéèrè ẹ̀gbọ́n, ó sì sọ ti ara rẹ̀ mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì gbé orí sílẹ̀. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Télọ̀ rò pé ẹkún ni, ó ti ń wá ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀, kó tó rí i pé ẹ̀rín ni obìnrin náà ń rín, tí oúnjẹ ò sì jẹ́ kó jáde dáadáa. Ó mu omi, ó nu ojú.

"Ó dáa tẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́," ó ní. "Èmi náà ní ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ti yí iṣẹ́ wa padà. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, alẹ́ ni màá máa lọ, àárọ̀ ni màá máa dé."

Ṣíbí télọ̀ dúró sí agbedeméjì àwo àti ẹnu. Ó wo ògiri, ó wo àwo, ó gbé ṣíbí kalẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó, kò bá a kánjú.

"Iná iwájú apá ọ̀tún ò tàn dáadáa," ó sọ nígbẹ̀yìn. "Màá gbé ọkọ̀ lọ fún mẹkáníìkì lọ́la."